Ta Ló Wà Lọ́dọ̀ Ọmọ Náà?

Àìkú, 1 Oṣù Kẹta, 2009

Mo pe ilé ní Ìwó. Ìlà ń já bí òwú tó ti gbó. Sùlíyà ló gbé fóònù — Ọ̀gá mi Kékeré, ọmọ ọdún méjìlá tó ń fọhùn bí ìyálóde. Ara rẹ̀ le, ìwé ń lọ dáadáa. Màmá ńkọ́? "Wọ́n lọ wẹ—" ìlà já. Mo tún pè é. Mo ní kó bá mi kí wọn tí wọ́n bá wẹ̀ tán. Ó ní, "Ẹ̀n, màmi." Ohùn rẹ̀ ṣe bákan. Bóyá oorun ni.

Ìyá mi àti omi! Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, bí ẹja. Látìgbà tí etí wọn ti di ni wọn kì í ti í gba fóònù mọ́, Sùlíyà ni alágbàsọ. Kò burú. Baba ọmọ ti kú, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ tí mo fi ọmọ mi sí.

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹta

Alhaji Lùkúmọ̀n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Westfield láàárọ̀, kò ra aṣọ. Òun ni alága àwa ọmọ Yorùbá níbí, tó bá ti rọra jókòó báyẹn, iṣẹ́ ló fẹ́ bẹ èèyàn. Ó ní àwọn ọlọ́pàá mú obìnrin kan, Kàfáyàt lórúkọ rẹ̀, onídìrí, ọmọ Ọ̀fà. Oṣù mẹ́ta péré ló ṣe ní ìlú yìí. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Wolof tó gbọ́ kò kọjá "nanga def", "báwo ni" tiwọn. Kóòtù ń wá ògbufọ̀. Ó ní èmi tí mo ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́fà kí n tó wá di aláṣọ, ta ló tún kù?

Mo ní kí ni obìnrin náà ṣe. Ọmọ rẹ̀ ni. Jẹ́nábù, ọmọ ọdún mẹ́rin. Jímọ̀ tó kọjá ni wọ́n bá a ní oríta Westfield, láàárín títì gan-an, ọkọ̀ akérò gẹ̀lẹ̀gẹ̀lẹ̀ ń fun fèrè lọ́tùn-ún, takisí lósì. Kò sẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀.

Oríta yẹn! Èmi àgbà, mo máa ń di ìró mi mú kí n tó sọdá. Àti pé ọjọ́ Jímọ̀ yẹn mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ fèrè, mo rò pé wọ́n ń jà ni.

Irú ìyá wo nìyí? Mo ní màá lọ.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹta

Mo dé Banjul, olú ìlú orílẹ̀-èdè ibí. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fáànù kan tó ń ké ju bó ṣe ń fẹ́ lọ. Haddy ni akọ̀wé kóòtù, ọmọ Aku ni, àwọn ará Banjul tí baba ńlá wọn ti Freetown wá. Ó kí mi, "Kúṣẹ̀ o!" Inú mi dùn. "Ẹ kú iṣẹ́" tiwa ni, àmọ́ wọ́n fi ń kí ẹni tó jókòó lásán pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ́ Yorùbá mọ́ àfi àkàrà àti fùfú.

Ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Aminata. Mo ti sọ ọ́ ní Màdáámù Fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́ta! Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan sí ibì kan níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojú àgbà kankan kò sí lára ọmọ. Ó ní kí n kọ Yorùbá rẹ̀ sábẹ́, kí ìyá ọmọ lè mọ ohun tó ń tẹ̀ka sí. Mo ní kékeré nìyẹn. Mo mú bírò. Bírò dúró. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé e délé.

Mo ti délé ní Talinding, mo ń kó wọn jọ:

Aláìlálábòójútó — ahọ́n á kọ́.

Ọmọ tí kò ní olùtọ́jú — irọ́ ni, ó ní ìyá.

Ọmọ tó dá wà — dídá wà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àgbà náà ń dá wà. Èmi náà rèé.

Ọmọ tó ń ṣe bó ti wù ú — èébú nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ kí ni?

Ewúrẹ́ ìjẹ̀ — háà, kọ́!

Ọmọ tí a fi sílẹ̀. Ọmọ tí a já sílẹ̀. Ọmọ tí a pa tì.

Já sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ṣọlá nìyẹn. Ọjọ́ tí mo ń di ẹrù bọ̀ níbí, àbúrò mi kan ṣoṣo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní mo já ọmọ mi sílẹ̀ torí aṣọ títà. Ó ní ojú mẹ́wàá kò jọ ojú olóhun. Mo ní mi ò já ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìyá mi ni mo fà á lé lọ́wọ́. Ọdún méjì ààbọ̀ rèé, a ò bára wa sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ pé ó ti lọ́kọ sí Ìlọrin. Ire o.

Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì, àlàfo rẹ̀ ṣófo.

Jímọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Mo rí Kàfáyàt. Wọ́n ti gba bélì rẹ̀, ọmọ ló kù sílé ìtọ́jú. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, tín-ín-rín bí òwú tó fi ń dirun. Mo ti sọ ọ́ ní Òwú. Ó kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Ó ní yàrá kan lòun háyà ní Latrikunda. Obìnrin yàrá kejì ló máa ń bá òun wo ọmọ, àmọ́ ó lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ìyàwó tuntun kan ní Talinding sì ti ń retí òun fún irun. Òun gbé búrẹ́dì àti omi sílẹ̀, òun sé ilẹ̀kùn. Ọmọ ṣí i. Mo ní kí ló dé tí kò gbé e dání. Ó ní ọjọ́ tí òun gbé e dání, ó da òróró sí aṣọ oníbàárà, wọ́n lé àwọn méjèèjì jáde.

Mo sọ pé mo gbọ́. Nínú mi, mo ti dájọ́. Èmi lójú ara mi ni ìyá tó mọ ìyá ṣe.

Àìkú, 8 Oṣù Kẹta

Mo pe ilé. Màmá ńkọ́? "Wọn ò tíì dé, wọ́n ṣì ń wẹ—" krrrr. Mo ní, ṣé láti Sọ́ńdè tó kọjá ni wọn ò tíì wẹ̀ tán? Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló jẹ. Ẹ̀bà. Lánàá ńkọ́? Ẹ̀bà. Mo ní kó sọ fún Màmá kí wọ́n bá a se ẹ̀wà. Ó ní, "Mo lè sè é fúnra mi, màmi."

Ọmọ ti ń dàgbà! Mo fi yangàn fún gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Mo wọ léèsì mi aláwọ̀ ewé. Adájọ́ jẹ́ àgbàlagbà kan tó fi okùn so awò mọ́ ọrùn — Baba Awò. Ó fi pẹ̀lẹ́ bi Kàfáyàt pé kí ló ṣe pẹ̀lú ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kàfáyàt ní, "Mo fi í sílẹ̀, mo fi Ọlọ́run ṣọ́ ọ."

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Gbólóhùn kan péré.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló wá sí mi lẹ́nu fún "fi sílẹ̀". Ọ̀kan kékeré, èyí tí èèyàn ń lò tó bá fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná tó lọ pọnmi. Èkejì tóbi, ó dún bí ọ̀rọ̀ kóòtù. Ńlá ni mo mú. Mo wọ léèsì, àwọn èèyàn ń wò mí, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo kàwé. Kí n tó sọ apá kejì, Baba Awò ti gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró, ó dorí kodò, ó ń kọ ọ́. Mo dúró. Ó kọ ọ́ tán, ó bi mí ní nǹkan mìíràn. Mi ò padà sí i. Mo gbé Ọlọ́run mì.

Ó ní ọmọ náà yóò wà nílé ìtọ́jú títí òun yóò fi rí ẹ̀rí mìíràn. Ìyá lè máa rí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Kàfáyàt ń wo ẹnu mi. "Kí ni wọ́n wí, mà?" Mo sọ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn, kò tilẹ̀ sunkún. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Jímọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Haddy yà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo rò pé aṣọ ló fẹ́ rà. Ó ti ilẹ̀kùn sẹ́yìn, ó ní: "Dat wọ́d, na dọ́tì dẹm kin tròwé so." Ìdọ̀tí ni wọ́n ń dà nù báyẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ tí mo lò lánàá, ọmọ tí wọ́n bá rí nínú gọ́tà ni kóòtù máa ń lò ó fún, ọmọ tí ìyá rẹ̀ sọ nù tó sá lọ.

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan náà ni. Mo yọ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ mi àtijọ́, mo fẹ́ fi han Haddy. Ó wà níbẹ̀. Pa tì. Kọ̀ sílẹ̀. Láìní èrò àtipadà.

Mo pa ṣọ́ọ̀bù dé kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Mo ti fi ẹnu mi gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Háà! Èmi!

Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta

Kàfáyàt wá. Bí mo ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ó ti gbọ́, ó wá bá mi jà. Mo tilẹ̀ ti gbà pé kó gbá mi létí.

Ó kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́! Ó ní mo bá òun sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá òun, ó ní òun ò ní nǹkan kan tí òun lè fún mi àfi kí òun di irun mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú rẹ̀. Mo jókòó sáàárín orúnkún rẹ̀, ó ń di ṣùkú fún mi, ó rọra ń di í kó má dùn mí. Gbogbo ìgbà tó bá fa òwú ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó bi mí: "Ẹ bá mi sọ fún wọn, àbí, pé mo fi Ọlọ́run ṣọ́ ọ?"

Mo ní, "Ẹ̀n."

Àìkú, 15 Oṣù Kẹta

Mo pe ilé. "Wọ́n lọ wẹ—". Mi ò ní agbára àwàdà. Mo ní kó bá mi kí wọn. Orí ń dùn mí níbi irun.

Ajé, 16 Oṣù Kẹta

Ẹyin lohùn.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹta

Mo lọ bá Haddy, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀n tí mo fi parọ́ fún Kàfáyàt. Ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní ọ̀nà kan ló wà. Kí n padà wá síwájú adájọ́, kí n búra, kí n sọ pé èmi ni mo ṣìnà. Ó ní wọn ò ní pè mí ṣe ògbufọ̀ mọ́, gbogbo Banjul á sì gbọ́. Mo ní kí wọ́n gbọ́. Mo sọ ọ́ bí akin. Mo dé inú ọkọ̀, mo gbàgbé ibi tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Àìkú, 22 Oṣù Kẹta

Mo pe ilé ní wàràwàrà, ọkàn mi wà ní kóòtù ọ̀la. Sùlíyà fẹ́ sọ nǹkan kan, ó ní, "Màmi, ìyá ojúlé kejì—" Mo ní kó jẹ́ kó di Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kó ṣàdúrà fún mi. Ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ mi.

Ajé, 23 Oṣù Kẹta

Ó ti parí. Mo ti sọ ọ́.

Mo gbé ọwọ́ lé Kùránì. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo lò ní ọjọ́ kejìlá kò tọ́, mo sì gbé ìdajì gbólóhùn obìnrin yìí mì. Mo sọ ìdajì náà. Baba Awò bọ́ awò rẹ̀. Mo rò pé yóò ní kí wọ́n mú mi. Ó ní kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà ní èdè wa.

Mo ní: tí o bá fi nǹkan sílẹ̀, o ń padà bọ̀. Tí o bá já a sílẹ̀, ọwọ́ rẹ ni kò dì í mú. Tí o bá pa á tì, o ti gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Tí o bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, o ti fi ẹnu sọ pé kì í ṣe tìrẹ mọ́. Ó bi mí pé èwo ni Kàfáyàt ṣe. Mo ní àkọ́kọ́.

Ó ní, "Ìwọ náà ti ṣe é rí?" Mo ní mo ní ọmọbìnrin kan ní Nàìjíríà. Ó ní ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí Kùránì. Mo fi gbogbo àyà sọ ọ́: "Ìyá mi ni, sà. Kò dá wà fún ọjọ́ kan rí." Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Alhaji Lùkúmọ̀n ló ń túmọ̀ sí Kàfáyàt létí, láti ẹ̀yìn. Ó dé ibi tí mo ti gbé Ọlọ́run mì, Kàfáyàt gbójú sókè wò mí. Kò bú mi. Ó sàn kó bú mi.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹta

Baba Awò ní kí wọ́n dá Jẹ́nábù padà fún ìyá rẹ̀. Kàfáyàt pariwo kan ṣoṣo, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Àmọ́ ó ku ohun kan: àgbà kan gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé òun ni yóò máa bójú tó ọmọ náà nígbà tí ìyá bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Aminata bi Kàfáyàt pé ta ni.

Ó na ìka. Mo wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi. Èmi ni! Aminata bi í pé ṣé ó dá a lójú. Kàfáyàt ní, "Àwọn ni. Wọ́n ti mọ ìtumọ̀ ẹ̀ wàyí."

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín, tí omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo tọwọ́ bọ̀wé. Mo tún kọ Yorùbá sí àlàfo tó ti ṣófo látọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan kò gbà á, mo kọ ọ́ gùn: "Ọmọ tí ojú ẹnì kankan kò sí lára rẹ̀." Aminata ní ó gùn jù fún àpótí yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló rí lédè wa.

Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹta

Ọjọ́ ìmọ́tótó ìlú, ṣọ́ọ̀bù kankan ò ṣí títí di aago kan. Mo gbá tèmi nínú lóde. Mo tẹ́ ẹní kékeré kan sábẹ́ tábìlì tí mo ń gé aṣọ lé lórí, fún Jẹ́nábù. Mo dúró ní igun ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wò ó, bóyá ojú mi á ká a láti ibi gbogbo. Ó ká a. Ó pẹ́ tí ara ti tù mí báyìí.

Àìkú, 29 Oṣù Kẹta

Mo pe ilé. Ìlà mọ́ bí ẹni pé yàrá kan náà la wà. Mo gbọ́ adìẹ. Mo gbọ́ tí ó mí.

Mo ní Màmá ńkọ́. Ó ní, "Wọ́n lọ wẹ ọmọ."

Mo ní ọmọ wo?

Ọmọ Àǹtí Ṣọlá, ní Ìlọrin. Ìbejì. Oṣù wọn ò pé, wọ́n kéré, kò tíì ṣeé fi sílẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní ni Màmá ti lọ. Wọ́n fi fóònù sílẹ̀ fún un, wọ́n ní kó dúró torí ìwé rẹ̀, kí ìyá ojúlé kejì máa wò ó. Ìyá ojúlé kejì ti bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó, ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Sùlíyà ò sọ fún Màmá, kí wọ́n má bàa torí òun fi àwọn ìbejì sílẹ̀.

Mo ní ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ. Ó ní, "Èmi ni."

Mo ní lọ́dọ̀ rẹ, nínú ilé, ta ló wà níbẹ̀? Ó tún sọ ọ́, ó rọra sọ ọ́, bí ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ fún Màmá tí etí wọn di: "Èmi, màmi."

Wẹ ọmọ. Kì í ṣe wẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró níwájú pátákó, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé tí èèyàn bá ń wẹ̀ fúnra rẹ̀, ohùn á lọ sílẹ̀, wẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ń wẹ̀ fún, ohùn á dúró láàárín, á máa retí orúkọ ẹni náà. Wẹ. Ohùn rẹ̀ ò lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù. Ọ̀rọ̀ ń retí ìdajì rẹ̀, èmi ń fi ẹja ṣe àwàdà.

Mo sì gbé ọwọ́ lé Kùránì. Kò dá wà fún ọjọ́ kan rí. Ó wà nínú ìwé kóòtù.

Lọ́la, Kàfáyàt á fa ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Mo kígbe mọ́ ọn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo kígbe mọ́ ọmọ yẹn — kí ló dé tí o ò sọ! Kò sunkún. Ó ní, "Mo sọ, màmi. Ẹ ní kí n bá yín kí wọn tí wọ́n bá wẹ̀ tán."